Ọdún Tí Mo Fẹ́ La Ẹsẹ̀ Kanlẹ̀

Ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Abúlé Òkúta láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, mo kọjú sí òkè, mo ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lẹ́yìn ara mi. Bí mo bá ní kí n fi iwájú sọ̀, itan mi á máa gbọ̀n, orúnkún á sì fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ mi. Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ fi aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó wò mí títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Kí ni mo fẹ́ wí fún un? Ṣé kí n sọ pé èmi, obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ẹsẹ̀ títí ìdí á fi jókòó sílẹ̀? Mo kí i pé ó kú iṣẹ́, mo bá tèmi lọ.

Sípílíìtì ni gbogbo ènìyàn ń pè é ládùúgbò wa. Ẹsẹ̀ kan á lọ síwájú, ìkejì á lọ sẹ́yìn, ìwọ náà á máa sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn títí ẹsẹ̀ méjèèjì á fi tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ń ṣe é nínú yanrìn láìkọ́kọ́ mú ara gbóná, wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín. Èmi ní tèmi, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín èmi àti ilẹ̀ gba àga ìjókòó kékeré kan dáadáa.

Ẹgbẹ́ oníjó kékeré kan ni mo dara pọ̀ mọ́ ní Bàrígà. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan la máa ń lò lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò bá sí níbẹ̀. Wọ́n ti ní ká wá jó ní Ìlàjẹ, àdúgbò àwọn apẹja ní Bàrígà níbẹ̀, lórí pèpéle kan tí wọ́n máa kàn sí ẹ̀bá ọ̀sà, ijó tí a sì ń múra sílẹ̀ jẹ́ ti àwọn apẹja. Níparí rẹ̀, gbogbo wa á dúró gbọnin bí òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́, ẹnì kan ṣoṣo á máa sọ̀ kalẹ̀ láàárín wa, díẹ̀díẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi tẹ́ sílẹ̀. Kóòṣì wa ti sọ ọ́ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọjọ́ náà tó pé ló ni àyè yẹn.

Mo fẹ́ àyè yẹn. Mi ò ní fi ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ṣómólú ni kí n máa ṣẹ́ káàdì ìpè sí méjì, kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè dúró: ìgbéyàwó ẹlòmíràn, ìsìnkú ìyá ẹlòmíràn, ìṣílé ẹlòmíràn. Àwòrán ènìyàn ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ìgbà kan tí ojú mi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn wo èmi náà lẹ́ẹ̀kan, kí ariwo sọ nítorí tèmi. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ tó kéré sí mi púpọ̀, tí àlàfo tirẹ̀ kò ju tèmi lọ, òun náà sì ń fẹ́ ẹ. A máa ń rẹ́rìn-ín síra wa, a sì máa ń ṣọ́ itan ara wa.

Kóòṣì pàápàá, mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ. Akọka ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré ìdárayá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bíi ti ẹni tí ọmọ ń sùn nítòsí rẹ̀. Á pè mí ní Àǹtí, á fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà á ní kí n sáré yí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ká títí òógùn á fi máa kán ní àgbọ̀n mi. Bí mo bá yọ́ lọ síbi kápẹ́ẹ̀tì kí n lè tètè máa sọ̀ kalẹ̀, á ti rí mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì gbóná. Iṣan tútù ò ṣeé fà. Ẹ padà lọ fo okùn yẹn."

"Kóòṣì, mo ti fo okùn."

"Mo rí yín. Ẹ fò ó bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ lọ tún un fò."

Ara mi kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mi ò ti lè dúró sójú kan. Bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún mi á máa jó títí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á fi gbé ọwọ́ lé e. Ohun tí kóòṣì sì ń kọ́ wa, ìdúró ni olórí rẹ̀. Ká kọ́kọ́ gbóná. Ká fi orúnkún kan lélẹ̀, ká na ẹsẹ̀ kejì síwájú, ká gbé ọwọ́ lé ègé pákó lọ́tùn-ún lósì kó má jẹ́ itan nìkan ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù wa. Ìbàdí gbọ́dọ̀ kọjú síwájú gan-an, kó má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún iwájú gbọ́dọ̀ máa wo òkè. Kò gbà ká máa fò sókè sódò lórí iṣan tó ti nà. Ká sọ̀ díẹ̀, ká dúró, ká mí sínú, ká mí síta, ká tún sọ̀ díẹ̀. Bí mo bá mí lẹ́ẹ̀mejì báyìí, inú ti ń bí mi.

Ó ya ìrora sí méjì fún wa. Ó ní èyí tó ń fà nínú ẹran itan, tó fẹ̀, tí ènìyàn lè máa mí lé lórí, kò burú. Èyí tó gúnni lójú kan ṣoṣo, tàbí tó wà ní oríkèé, tàbí lẹ́yìn orúnkún, tàbí lábẹ́ ìdí níbi egungun tí a fi ń jókòó, ìyẹn kò ṣeé bá ṣeré. Bó bá ti dé, ká jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ pé ó tó, ó ti tó nìyẹn," ló wí. "Mi ò ní bi yín pé kí ló dé. Mi ò sì ní tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀." Ní ti ara ríro ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ó ní kì í ṣe àìsàn, iṣan tó ṣiṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ká rìn díẹ̀, ká mu omi, ká sùn, ká má fipá fà á títí yóò fi rọlẹ̀. Ó sì máa ń rọlẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, màá tún fi iwájú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àlàfo mi á sì ti dín díẹ̀ sí i.

Ìsinmi yẹn ló nira fún mi jù. Inú ilé kan náà lèmi àti ìyá mi ń gbé, bí mo bá sì ń sinmi, àwa méjèèjì ni ìsinmi náà ń yọ lẹ́nu. Màá lọ síbi wíńdò, màá padà. Màá ṣí ìkòkò tí mo mọ̀ pé òfìfo ni.

"Jókòó, jọ̀ọ́," ìyá mi á wí. "O ń kó òòyì bá mi."

"Màámi, bí mo bá jókòó, mi ò ní lè dìde."

Màámi ló ń wẹ ọmọ tuntun ládùúgbò wa. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ìgbà tí ó fẹ́ bàbá mi ló wá sí Bàrígà, kò sì pẹ́ tí àwọn tó bímọ fi mọ ọ̀nà yàrá wa. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ dé láti ọsibítù, wọ́n á wá pè é. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ láìku ibì kan. Lẹ́yìn náà ló máa fi òrí ra á lára, tí á sì wá bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó ka sí iṣẹ́ gan-an. Á fa apá ọmọ kọjá láyà, apá kejì lórí rẹ̀. Á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ikùn, á nà án jáde, á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, á gbé e kọ́, orí sísàlẹ̀, á jù ú sókè, á hán an. Ọmọ á máa ké bí ẹni pé wọ́n ń pa á. Ìyá tuntun á ti di ojú. Màámi kò ní yẹ ọwọ́. Á máa dá ọmọ náà lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "O ṣé, o ṣé, jẹ́ n rí ọ, akin," á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá parí, ọmọ á sùn fọnfọn, gbogbo ilé á sì máa kí i pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Kò sí nǹkan tó dùn mọ́ ọn bíi kí ọmọ tó ti wẹ̀ nígbà kan sáré kọjá níwájú ilé wa. Á nàka sí i, á ní, "Wo ẹsẹ̀ yẹn. Ọwọ́ mi ni."

Ó wá ń wo tèmi, ó ń wo bí mo ṣe ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò yé e.

"Ìyá mi ló wẹ̀ ọ́," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan. "Ojú mi báyìí ló ṣe gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ kan etí rẹ. Níbo lẹsẹ̀ yẹn wá lọ?"

"Màámi, mo ti dàgbà."

"Ìgbà wo lo dàgbà? O kàn jẹ́ kó le ni. Kóòṣì yín kò fọwọ́ kàn yín, ẹ kàn ń wo ojú ara yín. Ta ló kọ́ ọmọ yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìlàjẹ ń sún mọ́lé, àlàfo mi sì dúró sójú kan. Ó ti kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló lè gbabẹ̀ kọjá, kò sì lọ mọ́. Ọmọbìnrin kejì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rí i pé tirẹ̀ ti tẹ́ díẹ̀ ju tèmi lọ. Mi ò lè jẹun dáadáa nígbà tí mo délé. Kóòṣì ti ní kí n sinmi, kí n má fà á rárá títí ara ríro náà á fi lọ, nítorí mo ti ṣe púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn itan mi wúwo bí òkúta. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ nínú yàrá.

Màámi wọlé láti ibi tó ti lọ wẹ ọmọ kan lójúde kejì. Òórùn òrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí wọ́n ti kí i dáadáa níbẹ̀. Ó wo bí mo ṣe ń rìn káàkiri.

"Dùbúlẹ̀," ló wí.

Mo dùbúlẹ̀. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan ṣe nǹkan sí i. Ó tẹ́ ẹní, ó gbé omi kaná, ó rẹ táwẹ́lì sínú rẹ̀, ó fún un, ó gbé e lé ẹ̀yìn itan mi. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Ó fi òrí ra á láti ìdí títí dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ le, ó gbóná, ó mọ ibi tó ń lọ. Ó ní kí n yí padà kí n fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ó mú ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, ó gbé e sókè ní nínà, ó gbé èjìká rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹsẹ̀ náà bọ̀ síhà ojú mi.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń fà, ó fẹ̀, mo ń mí lé e. Mo rí orúnkún mi bó ṣe ń sún mọ́ mi, mo ní àṣé ó ṣeé ṣe. Nígbà tó ṣe, ìrora náà kó ara rẹ̀ jọ sójú kan, sábẹ́ ìdí mi gan-an.

"Màámi, ó tó."

"Ó ti fẹ́ yọ. Mí."

"Màámi, ó tó! Ó ń gún mi!"

"O ṣé, o ṣé," ló ń wí, ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, "o ṣé, jẹ́ n rí ọ." Mo ké. Ó gbé ara lé e.

Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Pó, bí ìgbà tí wọ́n já okùn tó nípọn. Lẹ́yìn náà ni iná sọ lábẹ́ ìdí mi, ó sáré dé ẹ̀yìn orúnkún, mo sì yí gbirigbiri kúrò lórí ẹní náà pẹ̀lú igbe tí obìnrin ìsàlẹ̀ fi sáré gòkè wá. Màámi na ọwọ́ láti mú mi. Mo lọgun mọ́ ọn, "Ẹ má fọwọ́ kàn mí! Ẹ má fọwọ́ kàn mí mọ́!" Mi ò tíì pariwo mọ́ ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà sáyà, ó sì dúró síbẹ̀.

Ó ti wú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn itan mi ti dúdú títí dé ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Wọ́n ránṣẹ́ sí kóòṣì, ó sì wá pẹ̀lú yìnyín tí ó rà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja ní Ìlàjẹ, tí òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀. Ó fi aṣọ wé e kó má bàa jó mi lára, ó gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e kúrò. Ó ní kò gbọdọ̀ sí omi gbígbóná, kò gbọdọ̀ sí ìwọ́ra, kò sì gbọdọ̀ sí fífà kankan báyìí, ká kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù. Ó wá wo ojú mi.

"Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀? Ní Sátidé, kò sí nǹkan kan tó ṣe yín."

Mo ti la ẹnu. Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ omi dání.

"Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀," ni Màámi wí.

Mo wò ó. Kò wo ojú mi. Kóòṣì ní, "Ẹ̀yà, Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́," mo sì dá a lóhùn pé o ṣé. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ṣé kí n pe ìyá mi ní onírọ́ níwájú ọmọ kékeré, ní yàrá tirẹ̀? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò lọ sísàlẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n ní iṣan ẹ̀yìn itan mi ti ya díẹ̀ níbi tó ti so mọ́ egungun ìdí, kò já tán, yóò sì san bí mo bá fún un láyè. Kò sí ìdí tí a ó fi máa bi wọ́n nípa Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n. Obìnrin tó ń yẹ̀ mí wò rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ rin ìrìn láìtiro ná.

Ọjọ́ náà pé, mo lọ. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní mò ń jowú, mo sì ń jowú lóòótọ́. Ìdí kan ni mo fi jókòó lórí àga oníke, Màámi jókòó tì mí. Èéfín ẹja ń fẹ́ wá láti ẹ̀yìn àwọn ilé, omi ọ̀sà ń dán lẹ́yìn àwọn oníjó. Nígbà tó kan ìparí, gbogbo wọn dúró gbọnin, ọmọbìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ìbàdí rẹ̀ kọjú síwájú gan-an. Ó dúró, ó mí, ó tún sọ̀. Ó kanlẹ̀. Ariwo tó sọ níbẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi ń ta mí, nítorí ó dára, ó sì tọ́ sí i, ọkàn mi sì bàjẹ́ gidigidi.

Màámi tẹ̀ sí etí mi. "Ìwọ ì bá ti ṣe é jù báyẹn lọ," ló wí.

Mo dìde, mo tiro lọ sétí omi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fà sókè, inú ń bí mi. Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, "pẹ̀lẹ́" ló ń wí fún mi láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Kò wí nǹkan mìíràn.

Oṣù lọ, oṣù bọ̀. Mo ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Mo ń dùbúlẹ̀, mo ń gbé ìdí sókè, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ń rìn láti ilé dé Ṣómólú nígbà tí ó ṣeé rìn. Nígbà tí mo padà sí gbọ̀ngàn, kóòṣì ní ká má tíì wá ilẹ̀ rárá, kí itan kọ́kọ́ lágbára ná, kó tó máa nà. Mo gbà, nítorí ẹ̀rù ti wá ń bà mí. Bó bá fà mí díẹ̀ báyìí, màá ní ó tó, kóòṣì á ní ó ti tó, a ó jáde. Kò sí pèpéle kankan níwájú mi mọ́. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn kanlẹ̀. Mo fẹ́ ẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi bí ẹni pé bó bá kanlẹ̀, ohun tí mo gbé mì lọ́jọ́ yẹn á lọ sísàlẹ̀.

Nínú ilé, àwa méjèèjì ń rìn yí ara wa ká. Màámi ń fi oúnjẹ sórí tábìlì, kì í fi lé mi lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ jí mi, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pè mí. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ilé iwájú wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, dá mi dúró.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Màámi, ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ń wẹ ọmọ mi bí ẹni ń fọ ẹyin. Wọn ò fà á lẹ́sẹ̀, wọn ò jù ú sókè. Bó bá ti ké báyìí, wọ́n á gbé e fún mi. Ìyá ọkọ mi ní àfi kí àwọn wá ẹlòmíràn."

Mo ní màá bi í. Mi ò bi í. Mo wọlé, mo bá a tó ń ṣa ẹ̀wà, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú atẹ. Inú mi kò dùn bí mo ṣe rò pé yóò dùn. Mo tún jáde.

Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, òjò ti rọ̀, ìta tutù. Mo sáré yí gbọ̀ngàn ká nínú ilé, mo fo okùn dáadáa, mi ò fò ó bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé pákó, mo sọ̀ díẹ̀, mo dúró, mo mí. Ó ń fà, ó fẹ̀. Mo tún sọ̀. Kóòṣì wá jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú mi. Ọmọbìnrin tó jó ní Ìlàjẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo mí síta, mo bá rí i pé kò sí ibì kan mọ́ tí mo lè sọ̀ lọ. Ilẹ̀ ni. Ìtutù rẹ̀ gba inú ṣòkòtò mi wọlé.

"Àǹtí," ni kóòṣì wí, "ó kanlẹ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni Màámi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lọ, ó sì wá gbà á. Agbòòrùn rẹ̀ ṣì ń kán omi. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí bí ẹsẹ̀ mi ṣe lọ.

"Dìde!" Ó ju agbòòrùn sílẹ̀. "Dìde níbẹ̀! Yéè! Ẹ gbé e dìde, yóò já!"

"Màámi, ẹ fara balẹ̀, mà," ni kóòṣì wí. "Wọ́n ti gbóná dáadáa. Kò sí wàhálà."

"Mi ò dìde," ni mo wí.

Ó jáde lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀, gbígbẹ. Mo ti dúró de ilẹ̀ yìí fún odindi ọdún kan, mi ò ní kúrò lórí rẹ̀ nítorí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Mo gbé ojú sókè, mo wò ó tààrà. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń nà án bó bá fẹ́ wẹ ọmọ.

"Kì í ṣe balùwẹ̀," ló wí. Kóòṣì ló kọ́kọ́ wí i fún, ó tún wí i fún àwọn yòókù. "Ẹ̀yin ọmọ mi, kò ṣubú ní balùwẹ̀ kankan. Èmi ni. Ó ní ó tó, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo rò pé igbe lásán ni, bí àwọn ọmọ ṣe ń ké." Ó wá yíjú sí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi wọ́n bẹ̀ mí. "Mo bẹ̀ ọ́. Má bínú sí mi. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́."

Ìyá mi ń bẹ̀ mí lójú gbogbo ènìyàn, èmi sì jókòó níwájú rẹ̀, mo la ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ fò dìde. Kò sì ṣeé ṣe, nítorí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fò jáde nínú rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé pákó. Mo fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀, mo dúró, mo mí. Mo ká orúnkún iwájú. Mo mí. Gbogbo àkókò yẹn, ó ń wí i lọ, mo bẹ̀ ọ́, mo bẹ̀ ọ́, omijé sì ti dí mi lójú tí mi ò rí pákó náà mọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi pé sábẹ́ mi, mo rá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀ mí mọ́, Màámi," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó ti tó."

Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè láàárín àwa méjèèjì, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Mo mú un, mo gbé e lé itan mi.